Ọ̀gá Àgbà Tó Gba Kòkòrò Ẹrẹ̀ Lálejò

Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan tó ń bọ́ fìlà fún àwòrán ara rẹ̀ láàárọ̀, ẹ má tètè rẹ́rìn-ín. Ó lè jẹ́ ọ̀gá yín.

Èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín ni Ọ̀gá Àgbà ilé-iṣẹ́ tó ń rí sí ìmọ́tótó ilẹ̀ àti omi abẹ́ ilẹ̀. Orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú oyè rẹ̀ gùn débi pé pátákó tí wọ́n kọ ọ́ sí tán lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, ó ṣẹ́ kọ́nà, ó sì parí sí òkè ilé ìgbọ̀nsẹ̀. N kò ní kọ ọ́ síbí, ìwé wọ́n. Àwọn òṣìṣẹ́ ti gé e kúrú fúnra wọn: Kí-N-Tó-Dé ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ tí kì í fi "kí n tó dé" bẹ̀rẹ̀.

"Kí n tó dé," báyìí ló máa ń wí, tí yóò na ìka sókè bí ẹni ń fẹ́ gún àjà, "àwọn òṣìṣẹ́ ibí ò mọ ìyàtọ̀ láàárín ilẹ̀kùn àti fèrèsé! Kí n tó dé, omi ń ṣàn gòkè ní ilé-iṣẹ́ yìí!"

"Ọ̀rọ̀ gidi!" ni akọ̀wé rẹ̀ yóò dáhùn. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tí ọrùn rẹ̀ ti tẹ̀ síwájú nítorí ìtẹríba. Òun náà ni wọ́n sì ń pè ní Ọ̀rọ̀-Gidi. Bí Ọ̀gá bá wúkọ́, Ọ̀rọ̀-Gidi á kọ ọ́ sínú ìwé. Bí Ọ̀gá bá sín, á béèrè bóyá kí òun tẹ̀ ẹ́ jáde, kí òun pín in fún àwọn ẹ̀ka tó kù.

Láago mẹ́jọ àárọ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti máa pàtẹ́wọ́ bí Ọ̀gá ṣe ń kọjá lọ sí ọ́fíìsì. Lọ́jọ́ kan ó gbàgbé awò ojú rẹ̀ sínú mọ́tò, ó sì padà lọ mú un. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún lílọ, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún bíbọ̀. Ó dùn mọ́ ọn débi pé láti ọjọ́ náà, kò sí àárọ̀ kan tí kì í gbàgbé awò ojú.

Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ lọ́dẹ̀dẹ̀ ná, ká wo ohun tí wọ́n torí ẹ̀ gbà á síṣẹ́.

Lẹ́yìn ọgbà kan tí wọ́n ti ń kó epo bẹntiróòlù pamọ́ láyé ijọ́hun, àdúgbò kan wà tó jẹ́ pé omi kànga ni gbogbo wọn ń lò. Àwọn àgbá irin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ nínú ọgbà náà ti dípẹtà, epo sì ti ń jò wọnú ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ogún ọdún. Kì í ṣe orí ilẹ̀ ló wà ká sọ pé ẹnì kan á fi àkísà nù ún. Inú ẹrẹ̀ àti iyanrìn ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ló lọ ba sí, níbi tí omi kànga ti ń sun wá. Omi náà mọ́ lójú, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá gbé e sẹ́nu, àfi bí ẹni ń lá ẹnu táǹkì mọ́tò.

Àdúgbò yìí ni ẹ̀gbọ́n Ọ̀gá lóbìnrin ń gbé. Alágbàfọ̀ ni. Nígbà tí àwọn òbí wọn kú, aṣọ oníkálukú ló ń fọ̀ títí èékánná rẹ̀ fi rọ̀, kí àbúrò rẹ̀ tó lè jókòó ní kíláàsì. Ọ̀gá kì í mẹ́nu ba ìyẹn. Nínú ìwé pẹlẹbẹ tó kọ nípa ìgbésí ayé ara rẹ̀, tó sì pọn dandan fún gbogbo òṣìṣẹ́ láti kà, ohun tó wà níbẹ̀ ni pé, "Mo tọ́ ara mi dàgbà."

Ní yàrá àyẹ̀wò tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ní ilé-iṣẹ́ náà, obìnrin onímọ̀ kan ń ṣiṣẹ́ tí kì í pariwo. Ìyá Kòkòrò ni wọ́n ń pè é, nítorí pé àwọn ohun abẹ̀mí tín-ín-tìn-tín tí ojú lásán ò lè rí ló ń tọ́jú. Ó ti fi páìpù gbẹ́ ẹrẹ̀ jáde láti abẹ́ àdúgbò náà, ó sì rí i pé nítòsí kànga alágbàfọ̀, epo inú ẹrẹ̀ ń dínkù. Nǹkan kan ń jẹ ẹ́. Kòkòrò ni. Ohun tó ń ba omi àwa ọmọ èèyàn jẹ́, oúnjẹ ọ̀sán àti alẹ́ ló jẹ́ fún wọn.

Gbogbo ohun abẹ̀mí ló ní àkọsílẹ̀ àbùdá nínú ara, tó ń sọ ohun tó lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni wọ́n fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ó gùn lọ rẹrẹẹrẹ. Ìyá Kòkòrò fi ẹ̀rọ ka ti kòkòrò yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì rí ohun mẹ́ta kà níbẹ̀. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń tú epo sí wẹ́wẹ́. Afẹ́fẹ́ tí àwa ń mí, ikú ni fún un. Kò sì lè dá gbé, nítorí èròjà kan wà tí kò lè ṣe fúnra rẹ̀, àwọn kòkòrò mìíràn tí wọ́n jẹ́ aládùúgbò rẹ̀ nínú ẹrẹ̀ ló ń bá a ṣe é. Bí wọ́n bá fi páìpù rọ ohun tó ṣaláìní sí i nísàlẹ̀ ibi tó wà, tí wọ́n sì fi í lọ́rùn sílẹ̀, ó lè fọ gbogbo kànga àdúgbò náà.

Ìyá Kòkòrò gbé ìwé rẹ̀, ó gòkè lọ ṣàlàyé fún Ọ̀gá. Ọ̀gá fetí sí i fún ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi lè tú bọ́tìnì kan.

"Lẹ́tà mélòó lẹ ní ó wà lára kòkòrò náà?"

"Mílíọ̀nù mẹ́rin ó lé díẹ̀, sà."

"Orúkọ mi ńkọ́?"

"Sà?"

"Nínú mílíọ̀nù mẹ́rin lẹ́tà, ẹ ń sọ fún mi pé orúkọ mi ò sí níbẹ̀? Orúkọ tó gùn báyìí? Ilé-iṣẹ́ ta ni wọ́n ti kà á?"

"Sà, A, C, G àti T nìkan ló wà níbẹ̀. Kò sí bí orúkọ yín ṣe lè..."

"Ẹ fi kún un!"

"Ọ̀rọ̀ gidi!" ni akọ̀wé wí. "Kí Ọ̀gá tó dé, lẹ́tà mẹ́rin. Nígbà tí Ọ̀gá ti dé, ó yẹ kó tó méje."

Ìyá Kòkòrò wo àwọn méjèèjì bí ẹni ń wo ohun tó hù lórí búrẹ́dì. Ó ní, "Ẹ jẹ́ n padà sẹ́nu iṣẹ́, sà."

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni alágbàfọ̀ wá. Wọ́n fi í sórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti àárọ̀ títí oòrùn fi yẹ àtàrí. Nígbà tí wọ́n jẹ́ kó wọlé, ó tú báàgì rẹ̀, ó yọ kóòtù funfun kan, ó sì tẹ́ ẹ sórí tábìlì dídán náà.

"Gbóòórùn ẹ̀," ló wí.

Ọ̀gá fa imú sẹ́yìn. "Ẹ̀gbọ́n mi, ọ́fíìsì nìyí o."

"Mo mọ̀ pé ọ́fíìsì ni. Dókítà tó ni kóòtù yìí dá a padà fún mi. Ó ní àwọn aláìsàn ń bi òun bóyá mekáníìkì lòun. Ẹni kẹrin nìyẹn lóṣù yìí. Àwọn ọmọ ìyàwó ilé kejì, gbogbo ara wọn ló ń yún wọn. Ìgbà wo lẹ máa ṣe omi wa?"

"Kí n tó dé..."

"Má kí-n-tó-dé fún mi! Kí o tó dé síbo? Ẹ̀yìn mi lo wà kí o tó dé ibikíbi."

Ọ̀rọ̀-Gidi ti la ẹnu láti sọ̀rọ̀ gidi, ó rántí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá wí, ó pa á dé. Ọ̀gá gbá kóòtù náà jọ padà sínú báàgì pẹ̀lú orí ìka méjì. Ó ní kí màmá yìí lọ kọ lẹ́tà, kó kọ ọ́ ní ẹ̀dà mẹ́fà, ìgbìmọ̀ yóò jókòó lé e lórí. Màmá yìí! Ẹni tó gbé e pọ̀n! Obìnrin náà dìde. Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì fẹsẹ̀ rìn lọ sílé.

Láàárín ọjọ́ méjì, ìròyìn dé pé Mínísítà ń bọ̀ lọ́sẹ̀ mẹ́ta sí i láti wá wo kòkòrò tó ń jẹ epo. Bí ó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, wọn yóò gbé iṣẹ́ náà dé gbogbo àdúgbò tí epo ti ba omi wọn jẹ́. Ọ̀gá pe ìpàdé pàjáwìrì.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ló wí, "àlejò pàtàkì ń bọ̀, níbo la sì fi kòkòrò wa sí? Inú ẹrẹ̀! Nínú òkùnkùn! Kò sí afẹ́fẹ́, kò sí iná, bẹntiróòlù ni wọ́n ń jẹ! Ṣé a jẹ́ ìkà ni? Láti òní lọ, mo sọ kòkòrò náà ní Kòkòrò Ọ̀gá Àgbà. Ohun tó bá sì ń jẹ́ orúkọ mi kò gbọdọ̀ sùn nínú ẹrẹ̀!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi pọ́n. Wọ́n gbé àpótí dígí ńlá kan wá sí ọ́fíìsì Ọ̀gá, wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì pupa sábẹ́ rẹ̀, wọ́n kọjú ẹ̀rọ amúlétutù sí i. Wọ́n rọ omi mímọ́ gaara sínú rẹ̀, wọ́n sì ki ẹ̀rọ kan bọ̀ ọ́ tó ń fẹ́ atẹ́gùn, kí àwọn kòkòrò lè mí dáadáa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí Ìyá Kòkòrò kó àwọn àlejò wá.

"Sà," ni Ìyá Kòkòrò wí, "mo ti kà á nínú àbùdá wọn. Atẹ́gùn yìí máa pa wọ́n. Bí ẹ bá yọ wọ́n kúrò láàárín àwọn aládùúgbò wọn, wọ́n máa kú. Ẹrẹ̀ yẹn gan-an nilé wọn."

"Ta ló kọ àbùdá yẹn?"

"Kò sẹ́ni tó kọ ọ́, sà."

"Ẹ ò rí i? Ìwé tí kò ní òǹkọ̀wé, tí kò ní ìbuwọ́lù, tí kò gba ọ́fíìsì mi kọjá, òun lẹ wá fi ń ko mí lójú!"

Obìnrin náà bu ẹrẹ̀ díẹ̀ sínú àpótí dígí nítorí pé àṣẹ ni. Kò tó wákàtí kan tí gbogbo kòkòrò inú rẹ̀ fi kú tán. Ẹnikẹ́ni ò mọ̀, nítorí kòkòrò kì í ké. Ìyá Kòkòrò nìkan ló mọ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá rẹ̀, ó bu ẹrẹ̀ tó kù kún ìgò méjì, ó dé wọn pinpin kí afẹ́fẹ́ má bàa wọlé, ó sì tọ́jú wọn.

Láti ọjọ́ náà lọ, Ọ̀gá kò ṣe nǹkan mìíràn ju pé kó dojú kọ àpótí dígí, kó máa bá àwọn kòkòrò sọ̀rọ̀. Yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí omi, yóò máa sọ bí nǹkan ṣe rí kí òun tó dé, itọ́ yóò sì máa ta sínú rẹ̀. Ó ń rún bisikíìtì sí i láàárọ̀, ó ń da mílíìkì sí i lọ́sàn-án. Òun fúnra rẹ̀ á gé bisikíìtì jẹ, á sì ju ààbọ̀ sínú omi, ó ní òun ń bá àwọn ọmọ òun jẹun. Ní ọjọ́ kẹwàá, omi náà funfun, ó sì ki.

"Wọ́n ti ń sanra!" ni Ọ̀rọ̀-Gidi kígbe.

Ó ku ọ̀la kí Mínísítà dé, Ọ̀gá lọ wo ibi tí wọ́n gbẹ́ páìpù sí ládùúgbò. Òórùn epo fẹ́ lù ú nímú. Ó ní, "Kí ni èyí? Ṣé bí Mínísítà yóò ṣe gbóòórùn mi nìyí?" Ó ní kí wọ́n da oògùn olóòórùn dídùn sínú páìpù gbogbo àti sínú kànga tó sún mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀-Gidi kó jẹ́ńkáànù ogún wá. Wọ́n kọ orúkọ oògùn náà gàdàgbà sára wọn: APAKÒKÒRÒ. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á ti rí i. Ọ̀rọ̀-Gidi náà rí i. Ó dúró díẹ̀, ó wo jẹ́ńkáànù, ó wo ojú Ọ̀gá, ó sì wò ó pé ẹni tó bá dá ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sọ láàárọ̀ lè má ní iṣẹ́ lálẹ́. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ gidi!" ó sì dà á.

Kànga tó sún mọ́ ọn ni ti alágbàfọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ní ìrọ̀lẹ́, ó fa omi, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó fọ aṣọ méjìlá. Nígbà tí yóò fi sá wọn tán, awọ ọwọ́ rẹ̀ ti ń bó bí èèpo àlùbọ́sà.

Ilẹ̀ mọ́, Mínísítà dé. Obìnrin kúkúrú kan ni, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò pọ̀. Ọ̀gá ka ìwé ìkíni fún un fún wákàtí kan ó lé ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́yìn náà ló mú un lọ síwájú àpótí dígí, níbi tí omi funfun ti ń ho kutukutu.

"Wọ́n ń kí yín, mà," ni Ọ̀rọ̀-Gidi wí.

Mínísítà bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Kí ni wọ́n ń jẹ?"

"Bisikíìtì, mà!" ni Ọ̀gá dáhùn. "Àti mílíìkì. Kí n tó dé, bẹntiróòlù ni wọ́n ń jẹ. Èmi ni mo là wọ́n lójú."

Mínísítà fa àga kan, ó jókòó. "Ẹni tó kọ̀wé sí mi láti yàrá àyẹ̀wò yín, bẹntiróòlù ló sọ fún mi. Ẹ̀rọ tó ń ka àbùdá wà níbí, àbí? Ẹ bá mi ka ti inú àpótí yìí. Ẹ ka ti inú páìpù náà."

"Inú mi dùn sí i!" ni Ọ̀gá wí. "Ẹ kà á! Ẹ gbé èsì rẹ̀ sójú bọ́ọ̀dù ńlá! Ẹ pe aráàlú wá! Wọn yóò rí ohun tí mo dá!"

Ẹ gbà mí gbọ́, kò sẹ́ni tó tì í. Nígbà tí ọjọ́ pé, òun fúnra rẹ̀ ló wá àga iwájú jókòó.

Ní ọjọ́ kejì lẹ́yìn ìyẹn, gbọ̀ngàn kún. Àwọn ará àdúgbò wà níbẹ̀, alágbàfọ̀ náà wà níbẹ̀, ó fi aṣọ wé ọwọ́ méjèèjì. Ìyá Kòkòrò dìde, ó ṣí ìwé rẹ̀.

"Nínú àpótí dígí," ló wí, "a ò rí ẹyọ kòkòrò kan tó ń jẹ epo. Àwọn tó ń sọ mílíìkì di kíkan wà níbẹ̀. Àwọn tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni kòkòrò tó ń gbé nínú ẹnu èèyàn." Ó ṣí ojú ìwé kejì. "Pàápàá jù lọ, àwọn tó ń gbé láàárín eyín."

"Ẹnu ta ni?" ni Mínísítà béèrè.

"Bí a bá fi òwú nu ẹnu àwọn tó ń wọ yàrá yẹn, a lè mọ̀, mà."

Ọ̀gá ti dìde. Ó rò pé oyè tuntun ni wọ́n fẹ́ fi dá òun lọ́lá. "Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí tèmi!" ló wí, ó sì ya ẹnu gbàgà níwájú gbogbo ayé. Wọ́n fi òwú nù ún. Wọ́n kà á. Èsì dé lọ́jọ́ kẹta, èèyàn sì pọ̀ ju ti ìṣáájú lọ nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ti ta jáde. Ó bá ti inú àpótí mu régé. Kòkòrò Ọ̀gá Àgbà ni wọ́n lóòótọ́, láti ẹnu rẹ̀ wá.

Ẹ̀rín tó sọ nínú gbọ̀ngàn náà, wọ́n gbọ́ ọ ní géètì. Ọ̀rọ̀-Gidi fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ̀rín gba bírò lọ́wọ́ òun náà.

Ṣùgbọ́n Ìyá Kòkòrò ò rẹ́rìn-ín. Ó dúró kí ariwo lọ sílẹ̀. "Nínú páìpù," ló wí, "kò sí ohun abẹ̀mí kankan mọ́. Wọ́n da apakòkòrò sí i. Iṣẹ́ ọdún mẹ́ta ló kú síbẹ̀."

Nígbà náà ni alágbàfọ̀ dìde. Ó tú aṣọ tó fi wé ọwọ́, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Awọ ibẹ̀ ti ṣí, ẹran pupa ló kù.

"Wọ́n da nǹkan sí kànga mi, wọn ò sọ fún mi," ló wí. Kò pariwo. "Ọwọ́ tí mo fi rán an níwèé nìyí. N ò bínú pé kò dúpẹ́. Ṣé wọn ò tiẹ̀ lè sọ fún mi kí n má ki ọwọ́ bọ omi ni?"

Ọ̀gá la ẹnu. Gbogbo èèyàn retí pé yóò sọ bí nǹkan ṣe rí kó tó dé. Ó wo ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wo ilẹ̀, ó sì jókòó wẹ́lẹ́ bí àpò tí wọ́n tú nǹkan inú rẹ̀ dànù.

Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti yọ ọ́ nípò. Wọ́n gba mọ́tò, wọ́n gba ilé ìjọba. Bí ó ṣe ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ jáde, awò ojú rẹ̀ gbélẹ̀ lórí tábìlì lóòótọ́ lọ́jọ́ yẹn, kò sì lè padà lọ mú un. Ọ̀rọ̀-Gidi wà lókè, ó ń sọ fún ẹni tí wọ́n fi dípò rẹ̀ pé ó ti pẹ́ tí òun ti rí i pé nǹkan ò lọ dáadáa. Ẹni náà ní kó lọ bá àwọn tó ń fọ jẹ́ńkáànù.

Kò síbi tí Kí-N-Tó-Dé lè lọ ju ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpótí aṣọ kan, kò lè kan ilẹ̀kùn. Obìnrin náà ti rí i láti ojú fèrèsé. Ó jẹ́ kó dúró fún ìgbà díẹ̀, nítorí èèyàn ni òun náà, kò tíì gbàgbé ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n fi í jókòó sí. Lẹ́yìn náà ló ṣílẹ̀kùn, ó ní, "Wọlé. Ọwọ́ mi ò tíì jinná, aṣọ sì kún ilẹ̀. O mọ bí wọ́n ṣe ń fọ kọ́là?"

Kò mọ̀ ọ́n. Ó kọ́ ọ. Omi ọ̀nà jíjìn ló ń pọn fún iṣẹ́ náà, korobá méjì méjì, àwọn aládùúgbò sì ń wò ó kọjá. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ní oṣù kejì ó sú wọn.

Ìyá Kòkòrò fọ páìpù rẹ̀ títí oró oògùn fi kúrò níbẹ̀, ó ṣí ìgò rẹ̀ méjèèjì lábẹ́ ilẹ̀, ó dá àwọn kòkòrò padà sílé, ó sì dúró. Ohun tó ń jẹun nínú òkùnkùn kì í yára. Oṣù mẹ́rìnlá kọjá kó tó jẹ́ pé òórùn kànga náà bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń wá bu omi àyẹ̀wò lóṣooṣù.

Lọ́jọ́ kan tó wá, ọkùnrin náà ló bá a fa okùn. Ó gbé korobá kalẹ̀, ó dúró síbẹ̀, ó ń fi ìka nu etí korobá.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ló wí. "Báwo gan-an ni wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́?"

Ìyá Kòkòrò wo ojú rẹ̀ bóyá ẹ̀fẹ̀ ni. Kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Ó dojú korobá kan dé, ó jókòó lé e, ó mú igi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yà á sórí ilẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: bí epo ṣe rí, ibi tí kòkòrò ti ń gé e, ohun tó ń lò dípò afẹ́fẹ́. Ọkùnrin náà lóṣòó níwájú rẹ̀. Bí kò bá yé e, á ní kó tún un sọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè é láti inú ilé pé kó wá jẹun. Ó pè é lẹ́ẹ̀kejì, ó pè é lẹ́ẹ̀kẹta, ó jáde síta pẹ̀lú ìbínú.

Ọkùnrin náà na ọwọ́ sí i, kò gbójú sókè.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Wọn ò tíì sọ ọ́ tán."